Àna Bàbá Àgbàlá

Orí ìkúnlẹ̀ ni Adétutù wà nígbà tó kọ́kọ́ rí Hàmídù.

Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Àgọ́-Ìwòyè ni, láàárọ̀ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bàbá arúgbó kan dúró sábẹ́ igi máńgòrò, irun rẹ̀ funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà, ó fi ọ̀pá gbé ara dúró, agbádá rẹ̀ tóbi débi pé afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Adétutù. Kò wo ẹrẹ̀, kò wo síkẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú òjò.”

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀. “Káàárọ̀, ọmọ mi. Wà á jẹ èrè iṣẹ́ rẹ.”

“Àmín sà.”

“Ọkọ tí wà á fẹ́ yóò rẹwà bíi tèmi.”

Àmín yẹn há sí Adétutù lọ́fun. Kó tó mọ ohun tí yóò sọ, márúwá kan ti ń kọjá, ẹnì kan sì yọrí níbẹ̀ pé, “Hàmídù, à ń lọ o.” Ni bàbá arúgbó bá gbé ọ̀pá há abíyá, ó ká agbádá sókè dé orúnkún, ó fo gọ́tà, ó sì sáré tẹ̀lé márúwá náà bí ewúrẹ́ tó já okùn. Páúdà ń gbọ̀n sílẹ̀ lórí rẹ̀ bó ti ń lọ.

Àwọn ọlọ́kadà fi Adétutù ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi rí ọkọ̀ wọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ilé ìkàwé yunifásítì, níbi tí Adétutù ti ń ṣiṣẹ́. Ó ga, ó dúdú, páúdà díẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọlọ́kadà ló ti béèrè ọmọge náà. Ó gbé ọṣẹ ìfọṣọ gígùn kan sórí tábìlì.

“Mo wá tọrọ gáfárà nítorí síkẹ́ẹ̀tì.”

Adétutù wo ọṣẹ, ó wo ojú rẹ̀. “Ẹ̀yin ni bàbá tó súre fún mi?”

“Èmi ni. Àdúrà náà ṣì wà níbẹ̀ o, mi ò gbà á padà.”

“Èyí tó kan ti ọkọ yẹn, ẹ bá mi gbà á padà. Ẹni tí mo rí lọ́jọ́ náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Adétutù.

Tísà ni Hàmídù, ní ilé-ìwé girama kan ní Mamu. Àmọ́ ní gbogbo Sátidé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ kàwé á pàdé nínú ilé kan ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n á ṣe eré apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń pè ní Pálọ̀ Wa. Kingsley, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń yà á, orí fóònù sì ni àwọn èèyàn ti ń wò ó. Ìdílé kan ni, gbogbo wọn há mọ́ pálọ̀ kan, ẹnì kankan kì í gbà fún ẹnì kejì. Lọ́sẹ̀ yìí wọn á máa jà lórí bóyá ó yẹ kí ọkọ wọ ilé ìdáná. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá ìyá ìyàwó lè máa gbé pẹ̀lú wọn. Bí ariwo bá ti pọ̀ jù, Bàbá Àgbàlá, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, á wọlé, á béèrè oúnjẹ rẹ̀, á wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé á fi dákẹ́. Hàmídù ni Bàbá Àgbàlá.

Ìfẹ́ wọn kò ní ariwo. Bí Hàmídù bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á wá láti Mamu, wọ́n á jọ rìn lọ sí gáréèjì, wọ́n á jẹ́ kí ọkọ̀ kan lọ, wọ́n á jẹ́ kí òmíràn lọ. Òun ń pè é ní Tutù mi. Adétutù ń pè é ní Arúgbó mi. Nígbà tó kọ́kọ́ fi ẹja tí ìyá Hàmídù yan se ìkókoré, Hàmídù fọ abọ́ náà fúnra rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí bí òun ṣe lá a mọ́.

Ó wá ku ilé.

Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ilé Adétutù. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, Tísà Olúbùsọ́lá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bàbá ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn Bàbá Àgbàlá bíi tirẹ̀. Á gbé fóònù jìnnà sójú, á máa gbá itan. “Ẹ gbọ́ àgbàlagbà,” ni yóò wí fún Hannah, ìyàwó rẹ̀. “Àwọn tó gbọ́n ṣì kù láyé.” Adétutù mọ̀ pé ó gbà pé arúgbó gidi ni. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ bí ẹni fi súìtì pamọ́, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò dùn jù.

Ọjọ́ náà kò dùn. Hàmídù wọ bùbá, ó gbé ẹja yíyan ìyá rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó wá.

“Ọmọ ta ni ọ́?” Tísà béèrè.

“Ọmọ olóògbé Yínúsà ni mí, sà. Ará Òde-Omi.”

Tísà bọ́ awò ojú rẹ̀. “O níwà. Mo rí i bí o ṣe wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, mi ò lè fà á fún ìmàle. Má bínú. Gbé ẹja rẹ, kí n má baà jẹ gbèsè ọ̀rọ̀.”

“Bàbá Tutù, ẹ fi ẹja sílẹ̀,” Hannah sọ wẹ́rẹ́.

“Kó gbé e.” Lẹ́yìn náà, bíi pé àánú ṣe é, ó fi kún un pé, “Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìwòyí máa ń wo Pálọ̀ Wa? Irú bàbá tó wà níbẹ̀ yẹn ni kí o wá lọ. Òun á là á yé ọ.”

Adétutù, tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni òun fẹ́ rín tàbí ẹkún.

Nígbà tí ẹja padà dé Òde-Omi, Shukurat, ìyá Hàmídù, wò ó, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Mi ò ní fi ẹsẹ̀ mi tẹ ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mi ní àna, kó wá mi wá.” Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ilé ọkọ ló ń lọ tọrọ ìyàwó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbéyàwó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, n kò rí bàbá ìyàwó tó kọ́kọ́ dìde lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Kingsley sọ pé ọ̀rọ̀ tó kàn nínú eré ni ti ọmọ onígbàgbọ́ tó fẹ́ fẹ́ ìmàle. Ojú Adétutù là.

“Arúgbó mi, jẹ́ kí Bàbá Àgbàlá gbà fún wọn. Bó bá ti gbà, bàbá mi á gbà.”

Hàmídù mi orí. “Mi ò fẹ́ kí irùngbọ̀n gba ìyàwó fún mi.”

“Tèmi ńkọ́? Ṣé kí n máa wo ọ́ lórí fóònù títí ayé?”

“Tutù mi, bí bàbá rẹ bá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la pé a tan òun, ta ni yóò jókòó tì mí nínú ilé yẹn?”

Adétutù bínú, ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí eré náà fi jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ni Tísà ń wò ó ní fàráńdà. Nínú eré, gbogbo pálọ̀ ti dìde síra wọn. Bàbá Àgbàlá wọlé, kò béèrè oúnjẹ. Ó jókòó.

“Ẹ̀ ń pè mí ní alágídí,” ó ní. “Mi ò kórìíra ọmọ náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé òkú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọmọ ọmọ mi yóò dúró sí bí àlejò. Wọn ò ní mọ ìgbà tí à ń dìde, wọn ò ní mọ ìgbà tí à ń jókòó. Gbogbo èèyàn á máa kọrin fún mi, ẹ̀jẹ̀ mi á máa wo ilẹ̀. Ohun tí mò ń sá fún nìyẹn.”

Ó dìde, ó padà sí yàrá ẹ̀yìn. Eré parí, kò sí ìdájọ́.

Tísà kò gbá itan. Hannah bi í pé kí ló dé.

“Ẹni yìí ti wọ inú mi,” ó ní. “Ohun tí mi ò lè sọ fún ìwọ gan-an ló sọ yẹn. Mo gbọ́dọ̀ lọ kí bàbá yẹn.”

Ó ní kí Adétutù mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń ya eré náà. Hannah tẹ̀lé wọn dé Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá Àgbàlá ń jáde láti inú ilé nígbà tí Tísà ṣí fìlà, tó tẹ orí ba.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Olúbùsọ́lá, láti Ìjẹ̀bú-Igbó.”

Hàmídù gbàgbé ọ̀pá, ó gbàgbé eré, ó na gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó gbójú sókè, irùngbọ̀n dúró sílẹ̀.

Tísà wo irùngbọ̀n. Ó wo ojú tí irùngbọ̀n náà ti kúrò. “Ọmọ Òde-Omi.”

“Èmi ni, sà.”

Hannah kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀.

“Ta ló sọ ohun tó wà nínú mi fún ọ? Ṣé Tutù ni?”

“Rárá, sà. Èmi ni ọmọ ọmọ náà.”

Ó dìde kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Ọmọ Áńgílíkà ni Shukurat kó tó fẹ́ Yínúsà. Bàbá Shukurat kọ̀, kò yọjú síbi ìgbéyàwó, kò sì wá wò wọ́n títí ó fi kú. “Wọ́n mú mi lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo ṣì kéré. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Bí wọ́n bá dìde, èmi á jókòó. Bí wọ́n bá jókòó, èmi á dìde. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú ọmọ ìmàle yẹn jáde. Ohun tí mo sọ nínú eré, òótọ́ ni, sà. Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́sáláṣí ló gbé mi dúró síbẹ̀. Kíkọ̀ tó kọ̀ wá ni. Ká ní ó gbà wá ni, orí itan rẹ̀ ni ǹ bá ti kọ́ àwọn orin yẹn.”

Tísà wá àga, ó jókòó.

“Bí mo bá gbà, ta ni yóò kọ́ tèmi ní orin?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n á bá mi lọ, lọ́jọ́ Àìkú wọ́n á bá ìyá wọn lọ. Bí wọ́n bá dàgbà, kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Àmọ́ kò ní sí ilé Ọlọ́hun tí wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.”

Tísà mú irùngbọ̀n nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. “Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń bínú?”

“Púpọ̀, sà.”

“Mo sọ ọ́,” Hannah wí. “Mo ní ẹ fi ẹja sílẹ̀.”

Àwọn ẹbí Tísà pariwo nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ń lọ sí Òde-Omi. Wọ́n ní ó fẹ́ dójú tì wọ́n, pé bí ẹni tó ń fi ọmọ rẹ̀ tọrọ jẹ ni. Láti kékeré ni Tísà ti ń bẹ̀rù omi, síbẹ̀ ó wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú Hannah àti Adétutù, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó pa ojú dé títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Omi ti ta sí i láti ìbàdí dé ẹsẹ̀.

Shukurat ń yí ẹja lórí iná. Ó ti rí wọn láti ọ̀nà jíjìn, kò dìde.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Hàmídù.”

“Ta nìyẹn?”

“Olúbùsọ́lá ni. Ẹni tó dá ẹja yín padà.”

“Ẹ wá gbà á ni?”

“Mo wá tọrọ gáfárà. Mo sì wá tọrọ ọmọ yín.”

“Ọkùnrin lọmọ mi. Wọn kì í wá tọrọ ọkùnrin.”

“Mo mọ̀. Àwọn ẹbí mi ti fi sọ mí létí láti Òkè-Àgbò títí dé etí omi.”

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Shukurat, ó gbé e mì. Ó yí ẹja kan, ó yí òmíràn. “Ilé bàbá mi ò jìnnà síbi tí wọ́n ti so yìgì mi. Ó ń gbọ́ wa. Ó ti fèrèsé.” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Ẹ̀yin ńkọ́? Lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ máa jókòó síbẹ̀?”

“Ìyá Hàmídù, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lónìí. Ìjókòó ò lè nira tó ìyẹn.”

Shukurat nu ọwọ́, ó fa bẹ́ǹṣì sún mọ́ ibi iná. “Ẹ jókòó, àna mi. Aṣọ yín ti tutù.”

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti wọlé, wọ́n sì ti ń jà. Shukurat ní yìgì ló máa ṣáájú, Tísà ní kí wọ́n gbàdúrà sí òrùka ná. Hannah ní ìkókoré làwọn àlejò yóò jẹ, Shukurat ní ta ló ń fi ìkókoré ṣe ìgbéyàwó láyé ìsinsìnyí, ìrẹsì ni. Ohùn wọn gba ojú fèrèsé jáde dé etí omi, níbi tí Adétutù àti Hàmídù jókòó sí.

Hàmídù ki ọwọ́ bọ àpò fún fóònù. “Kingsley gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Eré odindi oṣù kan ló wà nínú ẹ̀.”

Adétutù di ọwọ́ náà mú nínú àpò. “Rárá. Jẹ́ kí eléyìí jẹ́ tiwa.”

Ó fi fóònù sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú tirẹ̀.

“Arúgbó mi, o ti bi bàbá mi, ìyá rẹ ti dáhùn, gbogbo ẹbí ti pariwo. O ò tíì bi èmi.”

Hàmídù wò ó. Ojú tì í díẹ̀, ó tún ara rẹ̀ jókòó bí ọmọ ilé-ìwé.

“Adétutù, ṣé wà á fẹ́ mi?”

“Mà á fẹ́ ọ,” ó ní.

Nínú ilé, wọn kò tíì gbà lórí ìrẹsì.