Àmì Ìlà Mẹ́ta

Ó ti rẹ̀ mí láti máa búra. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kí ó wá sílé wa ní Àrẹ̀mọ, kí ó fọwọ́ kan ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, lẹ́yìn náà kí ó la ẹnu.

Yẹ̀kínì alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi. Èmi Kúlúsúmù ni mò ń bá wọn ta ọkọ́ ní Ọjà'ba. Nígbà ayé Bàbá Àgbà, tó bí bàbá mi, ìlà kékeré mẹ́ta ló máa ń wà lára gbogbo ọkọ́ tó bá ti àgbẹ̀dẹ wa jáde. Àwọn àgbẹ̀ a fi àtàǹpàkò wá ìlà mẹ́ta náà lára irin, wọn a gbé ọkọ́ wọn, ó parí. Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, bàbá mi ti irin tí wọ́n fi ń lu àmì náà mọ́ inú àpótí. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1957, ọkọ́ òyìnbó kún gbogbo sítọ́ọ̀, ó ń dán gbinrin. Tiwa wà nílẹ̀, eṣinṣin ni oníbàárà rẹ̀. Mo bẹ bàbá mi kí á dá àmì àtijọ́ padà.

"Kúlúsúmù, o ò mọ ohun tí ò ń tọrọ."

"Ẹ sọ ọ́ kí n mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ẹni tó bá lu àmì yẹn sára irin, òun ló ni àtúnṣe rẹ̀. Ó ṣá o, ó kán o, tirẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ lé ẹni tó gbé e wá."

"Títí dìgbà wo?"

"Wọn ò dá ìgbà fún un."

Ẹ̀rín ni mo fi í rín. Mo gbé irin náà jáde, mo na òòlù sí wọn, wọ́n kọ̀. Ni èmi fúnra mi bá lu àmì sára ọkọ́ àkọ́kọ́. Ìlà àárín wọ́, nítorí ọwọ́ mi kò mọ iṣẹ́. Bàbá mi wò ó títí, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi.

"Ó ti ṣẹlẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n lu ti èkejì.

Kí oṣù méjì tó pé, ọkọ́ wa kò dúró lọ́jà mọ́. Inú mi dùn, n kò ní purọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, bàbá mi kírun àsùbáà tán, wọ́n lọ ṣí àgbẹ̀dẹ. Ọkọ́ mẹ́ta wà lára ògiri ìta. Ọkọ́ àtijọ́ ni. Ẹnu wọn ti jẹ dé ìdajì. Àmì wa wà lára wọn, erùpẹ̀ tútù sì lẹ̀ mọ́ wọn. Òjò kò tíì kán láti oṣù méjì.

"Ta ló gbé wọn wá, Bàbá?"

"Àmì wà lára wọn."

Wọ́n fẹ́ iná, wọ́n tún ọkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, wọ́n fi í ti ògiri padà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a kò bá a níbẹ̀ mọ́. Márùn-ún mìíràn ló wà níbẹ̀. Ó di mẹ́jọ. Ó di mẹ́wàá.

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn àgbẹ̀dẹ ní ìdájí ọjọ́ kan. Ajá kò gbó. N kò gbọ́ ẹsẹ̀. Ìmí nìkan ni mo gbọ́, ìmí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Ọkọ́ nìkan ló wà níta.

Lọ́jọ́ náà ni Àtọ́kẹ́, opó tó ń gbé ilé kejì, wá gba ẹ̀yinná. Ó rí ọkọ́ kan tí wọ́n fi àkísà pupa wé igi ọwọ́ rẹ̀. Àpáàdì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ti Oyèdélé ọkọ mi nìyí. Èmi ni mo wé àkísà yìí fún un."

"Bóyá ó jọ ọ́ ni, ìyá."

"Ọdún keje rèé tó ti kú. Mo ti fi igi ọkọ́ yìí dáná." Ó ń wo erùpẹ̀ tútù náà. "Kúlúsúmù, ṣé wọn kì í sinmi níbẹ̀ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá a ṣa àfọ́kù àpáàdì.

Bàbá mi rù kan eegun. Wọn a máa sùn lọ pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé nígbà náà ni kí wọ́n sinmi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dáwọ́ dúró."

"Ta ni yóò sọ fún wọn?"

Bàbá mi kò jí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Mo sunkún, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ nínú ẹkún náà, pé wọ́n sinmi. Mo fi aṣọ wé òòlù wọn, mo tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú irin àmì, mo ti àgbẹ̀dẹ pa. Ọkọ́ kankan kò wá mọ́.

Ní àárọ̀ ogójì ọjọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi. Òòlù bàbá mi wà lára ògiri. Igi ọwọ́ rẹ̀ ti kán, irin rẹ̀ sì gbóná bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó tán. Mo sáré lọ wo àpótí. Kọ́kọ́rọ́ wà bí mo ṣe tì í.

Àmì wà lórí òòlù náà. Ìlà mẹ́ta. Ti àárín wọ́.

N kò lu àmì sára òòlù rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ara mi.

Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Bí mo bá tún òòlù náà ṣe, iṣẹ́ ni mo tún rán bàbá mi. Bí n kò bá sì tún un ṣe, wọ́n wà níbì kan, wọ́n ń dúró dè mí lọ́wọ́ òfo, àwọn òkú tó ni ọkọ́ elérùpẹ̀ tútù sì tò sílẹ̀ níwájú wọn.

Ọdún kẹsàn-án rèé. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Láràárọ̀ ni mo ń fọwọ́ kan irin rẹ̀, bóyá yóò ti tutù.

Kò tíì tutù.