Bí Rédíò Ṣe Pa Káfíńtà Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

"Gbólóhùn kan péré ni àǹtí mi kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lánàá," ni Rédíò wí, ó sì gun orí bẹ́ǹṣì kí gbogbo kíláàsì lè rí i. "Gbólóhùn kan. Ọba mẹ́rin kà á, wọ́n sunkún títí adé wọn fi dípẹtà. Olówó kan fi ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ta àǹtí mi lọ́rẹ, ó ní òun á máa fẹsẹ̀ rìn. Báǹkì tí aráyé ń fi owó ránṣẹ́ sí ti wú lógiri. Wọ́n ti fi okùn dì í kó má bàa bẹ́."

"Bó bá wá bẹ́ ńkọ́?" ni Òpó bèèrè. Òpó ni ọmọkùnrin tó ga jù ní kíláàsì náà. Bí òjò bá ń bọ̀, orí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kàn, àwọn yòókù á ti kó aṣọ wọlé kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Bó bá bẹ́, owó á kún àdúgbò dé orókùn. Ẹ ó máa lúwẹ̀ẹ́ wá sílé-ìwé."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó dákẹ́. Ọmọbìnrin náà lè sọ̀rọ̀ débi pé aago ara ògiri á gbàgbé láti rìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Rédíò: rédíò tí kì í lo bátìrì, tí kò sì síbi tí wọ́n ti ń pa á.

"Àǹtí ẹ ló ń ṣe ìyẹn," ni Òpó wí. "Ìwọ ńkọ́? Kọ ìtàn kan ṣoṣo tí aráyé á sunkún sí, kí n máa gbé báàgì ẹ títí a ó fi ṣe ìdánwò àṣekágbá."

"Yáa lọ máa na apá ẹ," ni Rédíò dá a lóhùn. "Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo ti fẹ́ lo ìsinmi yìí."

Ká sọ tòótọ́, kò sí ọba kankan nínú iṣẹ́ náà. Àbúrò ìyá Rédíò ni àǹtí yìí. Inú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni wọ́n ti ń bá ẹgbẹ́ aláàánú kan ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ tó ń wá àga onítáyà fún àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹbí ní wọ́n kàwé-kàwé, wọ́n wá ń fi fóònù ṣagbe. Wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán tí ojú ọmọ á fi hàn kedere. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń kọ ìtàn tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á kà tán kó tó rántí sọ̀. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣàánú, yálà ó fún wọn ní owó gọbọi tàbí kò ní ju owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kí a sì fi àwòrán ọmọ náà lórí àga tuntun hàn án, kó lè mọ̀ pé owó òun kò bómi lọ. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá láti ìlú mìíràn ń ránṣẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn náà. Ìyá Rédíò kì í dárúkọ àbúrò rẹ̀ báyìí láì kọ́kọ́ na ọrùn bí ògòǹgò.

Àǹtí ní òfin kan tí kò ṣeé yẹ̀. Ìtàn kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi tí wọ́n bá ti kà á sétí ọmọ tó ni ín, níwájú òbí rẹ̀. Ohun tí kò bá tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn, wọ́n á pa á rẹ́. Ìgbà tí ọmọ náà bá ní, "Èmi nìyẹn," ni wọ́n tó máa fi í síta.

Ìsinmi kò tíì gbóná tí àǹtí fi mú Rédíò lọ sílé ọmọ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kóòṣì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ti ẹsẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, a máa pọ̀n ọ́n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ló ti ń pàṣẹ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tó tó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bó bá jágbe mọ́ gólí, àwọn ẹyẹ orí igi náà á tún ìlà tò. Àga tí táyà rẹ̀ lè rin iyanrìn ló ń wá, kó lè kúrò lójú kan, kó máa tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kiri.

"Ẹ sọ fún wọn pé mo le," ni Kóòṣì wí. "Mi ò kí ń gba ìranù."

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, àǹtí tún ń jáde lọ wọn ìdí àti ẹ̀yìn ọmọ mìíràn fún àga. "Máa kọ ọ́ sílẹ̀," ni wọ́n wí fún Rédíò. "Tó bá di ọ̀la, a ó jọ lọ kà á sí i létí."

Rédíò kọ ohun tó rí, ó kà á, ó sì rí i pé ó gbẹ bí èèpo igi. Ọmọ tó ń pariwo, bàbá tó ń pọ̀n ọ́n. Ta ni yóò sunkún sí èyí? Báàgì tí Òpó fẹ́ gbé wá sí i lọ́kàn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ pa káfíńtà: ó ní igi ìrókò wó lu bàbá náà. Ó lé ìyá Kóòṣì lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó ní ọmọ náà ń fi àyà wọ́ gba inú igbó kọjá lójoojúmọ́ láti lọ pọnmi, àmọ̀tẹ́kùn ń tẹ̀lé e, àánú sì ń ṣe àmọ̀tẹ́kùn náà. Ó rò ó díẹ̀, ó pa àmọ̀tẹ́kùn rẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ sọ àsọdùn.

Kọ̀ǹpútà àǹtí ṣí sílẹ̀ sórí ìkànnì ẹgbẹ́ náà. Ó fi ìtàn náà àti àwòrán Kóòṣì sí i, ó tẹ bọ́tìnì, ìtàn jáde.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìkànnì náà ti kún fún ẹkún. Ẹnìkan ní oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun mọ́. Ìyá àgbà kan ní òun ti ń gbàdúrà fún olóògbé káfíńtà. Owó ń rọ́ wọlé. Rédíò ya àwòrán gbogbo rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Òpó, ó kọ sí i pé: "Apá ẹ dà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí àǹtí ṣe ń ṣí fèrèsé, ẹnìkan gun àtẹ̀gùn bọ̀. Bàbá Kóòṣì ni, eruku pákó bò wọ́n lórí, wọ́n mú ẹsẹ̀ bàtà kan lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, màdáámù. Òkú ló wá kí yín."

"Bàbá Kóòṣì, kí ló dé?"

"Mo ti kú ni, mà. Ìrókò ló pa mí. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ti wá kí ìyàwó mi kú ìrọ́jú. Oníbàárà mi kan wá kó pákó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí àwọn ẹbí òkú má bàa pín in. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Bàtà tó fi sílẹ̀ nìyí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Rédíò, àmọ́ káfíńtà kò rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó kó mi wá kọ́ nìyẹn. Ọmọ mi ní òun ò lọ sí pápá mọ́. Àwọn ọmọ ti ń pè é ní ọmọ òrukàn inú igbó. Ó bi mí pé, 'Bàbá, ṣé bí mo ṣe rí lójú wọn nìyẹn?' Ẹ máa mú àga yín, mà. A ò ṣe mọ́."

Àǹtí ka ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n wo Rédíò, wọn ò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n fọ́ ọ létí. Wọ́n yọ ìtàn náà kúrò, wọ́n wá kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ti fi owó ránṣẹ́: "Ìtàn tí ẹ kà lánàá kì í ṣe òótọ́. Káfíńtà náà kò kú, ó jókòó níwájú mi. Ọ̀dọ̀ mi ni àṣìṣe yìí ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ padà yóò rí i gbà." Wọ́n fi orúkọ ara wọn sí i nísàlẹ̀.

"Àǹtí, èmi ni mo kọ ọ́," ni Rédíò wí. Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹ̀fọn. "Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀."

"Orúkọ tèmi ni wọ́n fọkàn tán. Ẹni tí mi ò rí rí ń fún mi lówó nítorí ó gbà pé bí mo bá sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí. Tí ìyẹn bá ti lọ, kọ̀ǹpútà lásán ló kù nínú yàrá yìí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọmọ tó ń pàṣẹ fún odindi pápá ni o sọ di ẹni tí wọ́n ń káàánú nínú ilé ara rẹ̀. Ìwọ lo máa lọ bẹ̀ ẹ́."

Kóòṣì kọjú sógiri nígbà tí wọ́n dé. Rédíò jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo purọ́ mọ́ ẹ," ló sọ. "Mo rò pé bí o ṣe rí gan-an kò tó. Ó tó. Ó tún ṣẹ́kù. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fúnra ẹ, kí n máa kọ ọ́."

Ògiri ni ọmọ náà ṣì kọjú sí. "Kọ pé mo le."

"Mo ti kọ ọ́."

"Kọ pé bàbá mi wà láàyè, àti pé wọn ò mọ òfin ọ́fúsáìdì."

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ni káfíńtà wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Wọn ò mọ̀ ọ́n rárá. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Rédíò kà á sí i létí. Kóòṣì ní kó yọ "ó ṣeni láàánú" kúrò, kó fi "ó ń bí wọn nínú" dípò rẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń rí lára àwọn gólí nìyẹn. Ó tún un kà. Kóòṣì yíjú padà. "Èmi nìyẹn," ló wí.

Àwọn kan gba owó wọn padà, àǹtí sì dá a padà láì ráhùn. Rédíò ránṣẹ́ sí Òpó pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ báàgì. Ìtàn tuntun náà kò mú ẹkún wá, ẹ̀rín ló mú wá, ẹ̀rín náà sì mú owó dání. Rẹfirí kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òun lòun máa ra táyà méjèèjì. Obìnrin kan kọ̀wé pé, "Ó pẹ́ tí mo ti ń fún yín lówó. Ẹni tó lè jẹ́wọ́ àṣìṣe báyìí, mi ò ní fi í sílẹ̀." Àǹtí ka ìyẹn, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n ní eruku pákó ni.

Lọ́jọ́ tí àga náà dé, gbogbo kíláàsì Rédíò wá sí pápá. Ó ti mọ̀ báyìí pé ìgbésí ayé ẹlòmíràn kì í ṣe bàlúùnù téèyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí a bá fẹ́ ran ẹnìkan lọ́wọ́, kí a sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ ni ọ̀wọ̀ àkọ́kọ́ tó tọ́ sí i. Ó ti búra pé òun ò ní sọ àsọdùn nípa ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n kò fi ara rẹ̀ sínú ìbúra náà.

"Orí ni mo fi ru àga yìí láti òkè òkun," ló ń sọ fún Òpó àtàwọn yòókù. "Ẹja àbùùbùtán ní kí n gun òun lẹ́yìn, mo ní kó má ṣèyọnu, mò ń ṣeré ìdárayá. Bọ́ọ̀lù gan-an tí ẹ rí yìí, ta lẹ rò pé ó kọ́ Kóòṣì? Kó tó mọ̀ mí, kò mọ̀ pé òpó gólí kì í ṣe igi ìsáṣọ."

Òpó kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn Rédíò ló ń wò.

"Ta ló kọ́ ta?" ni ohùn kan bèèrè.

Rédíò yíjú padà. Kóòṣì ló jókòó sórí àga tuntun, ó káwọ́ gbera, bàbá rẹ̀ sì fọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹni tó bá purọ́ lórí pápá mi, ṣe ló máa sáré yí i ká," ni Kóòṣì wí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé táyà. "Òpó, kúrò lọ́nà."

Ọmọ náà kò lé ènìyàn rí láyé rẹ̀. Iyanrìn ń ta lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo pápá ń pàtẹ́wọ́, àǹtí dúró pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọn ò rántí ya àwòrán. Rédíò kọ́kọ́ ń rọra sá, kí ọmọ náà lè rò pé òun fẹ́ bá a. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, táyà ti fẹ́ kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó wá sá eré tòótọ́.