Pátákó Tí Mo Gbé Sẹ́nu Ọ̀nà

“Nomin, tó o bá fi lè wọ ilé yẹn báyìí, ó dalẹ́ nìyẹn o! Ọ̀rẹ́ ìyá arúgbó!”

Rina, ọmọ kíláàsì mi, ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Màmá Hatsue, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà ìwọ́wé, lẹ́yìn tí a jáde nílé ìwé. Pátákó àdúgbò wà lábẹ́ abíyá mi. Gbogbo ilé òpópónà wa ló ń gbà á: wọ́n á ka ìkéde tó wà lára rẹ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ síwájú orúkọ wọn, wọ́n á sì gbé e fún ilé tó kàn. Màmá Hatsue ló kàn wá. Ọ̀gbẹ́ni Kuroda, olórí àdúgbò, ló kan òun.

Èmi ni mo máa ń gbé e lọ. Ọdún kẹta rèé tí a ti Mòngólíà wá sí ìlú kékeré yìí ní Jàpáàní, níbi tí àwọn òbí mi ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja inú agolo. Èmi nìkan ni mo lè ka ìwé wọn nínú ilé wa. Ọjọ́ tá a dé ni Ọ̀gbẹ́ni Kuroda ti kìlọ̀ fún wa: “Ọwọ́ sí ọwọ́ ni o. Ẹ má gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.” Mo rò pé àṣejù lásán ni.

Màmá Hatsue ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ń dá gbé. Háà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán! Á sọ ti ọkọ̀ ojú omi ọkọ rẹ̀ tó ti kú, á sọ ti orúnkún tó ń dùn ún, á wá bó kakí fún mi, èso pupa rúsúrúsú tó ń so lẹ́yìn ilé rẹ̀. Orí tábìlì ìyá yìí ni mo ti kọ́ ìwé kíkà nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń kí wa ládùúgbò. Mo mọ oore yẹn. Mo sì tún ṣe ohun tí mo ṣe.

“Àwọn yòókù ti ń dúró dè wá ní ibùdókọ̀ ojú irin,” ni Rina wí. “Àbí o ò fẹ́ kí wọ́n tún pè ọ́ mọ́?”

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa pè mí. Mo fi pátákó ti ilẹ̀kùn. Ó yọ̀, ó ṣubú gbàgà. Nǹkan kan dún nínú ilé, ohùn tínínrín kan.

“Ológbò ni,” ni Rina wí. A sáré lọ.

Nírọ̀lẹ́, Mọ́mì ń se búúsì, ẹran inú ìyẹ̀fun tí Màmá Hatsue fẹ́ràn. Ó ṣàdédé dáwọ́ dúró.

“Fèrèsé Màmá ò ṣí láti àárọ̀. Jẹ́ kí n gbé díẹ̀ lọ fún un, kí n fi wo ojú ẹ̀.”

Tó bá lọ, á bá pátákó nílẹ̀.

“Mọ́mì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ara wọn le. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tètè sùn.”

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Ó dé ìkòkò padà.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ síléèwé. Bí mo ṣe dé nírọ̀lẹ́, mo bá Ọ̀gbẹ́ni Kuroda lọ́dọ̀ Mọ́mì.

“Pátákó ò tíì kàn mí. Màmá Hatsue kì í jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ òun. Nomin, ṣé ọwọ́ ẹ̀ lo fi lé?”

Bàbá yẹn wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì sáré jáde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Tèmi ò lò ju alẹ́ kan lọ.

Ilẹ̀ ilé ìdáná la ti bá Màmá Hatsue. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, ilẹ̀ yẹn sì tutù. Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, ó di ọwọ́ mi mú.

“Mo gbọ́ ohùn rẹ lánàá,” ló wí jẹ́jẹ́. “Mo pè ọ́. Ohùn mi ni ò dé ọ̀dọ̀ rẹ.”

Kò mọ̀ pé ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bú sẹ́kún. Mọ́mì kò nà mí, kò sì pariwo. Ohun tó sọ ò ju ọ̀kan lọ: “O ní ó kí mi.”

Dókítà ní ká ní wọ́n tètè rí i ni, òtútù ì bá má wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò kú, àmọ́ kò lè dá rìn mọ́, ọmọ rẹ̀ sì mú un lọ sí ìlú ńlá tó ń gbé. Mo kọ lẹ́tà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Èsì rẹ̀ kúrú: kí n ká kakí òun kí wọ́n tó jẹrà. Mo ká a tán pátá. Mi ò lè jẹ ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ má torí ẹlẹ́yà ẹgbẹ́ kọ ẹni tó ṣe yín lóore, ẹ má sì fi irọ́ bo iṣẹ́ tí ẹ ò ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lọ́dọ̀ Màmá Hatsue ni mo sá fún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pátákó tún dé. Wọ́n ti fa ìlà lórí orúkọ Màmá Hatsue. Ọ̀gbẹ́ni Kuroda ló kàn wá báyìí. Mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì dúró títí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá Hatsue, mo kanlẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀.