Ìjọ̀ngbọ̀n àti Bàbá Bírékì Po Búrẹ́dì Lórí Fóònù

Ihò imú ni gbogbo kíláàsì kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ihò méjì gbàǹgbà, tí irun funfun ń yọjú níbẹ̀ bí ewúrẹ́ tó ń wo ìta lójú fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé," ni imú náà wí. "Ṣé ẹ jí dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé kò sí o?"

Bàbá Bírékì ló ni imú. Ọkọ̀ èrò ni bàbá yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wà, kò sì tẹ adìyẹ kan pa rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bírékì. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò gbé títì mọ́, ó ní òun ò lè máa jókòó ka eṣinṣin. Ó fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì tà níwájú ilé. Ló bá wọ kíláàsì búrẹ́dì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí Àǹtí Oníbúrẹ́dì, tó ní ilé búrẹ́dì ńlá kan, ti ń kọ́ tọmọdé tàgbà láti orí fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe sítíárìn. Bí bàbá bá ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, á gbé e sún mọ́ ojú, imú nìkan ni ayé á sì máa rí.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì náà tí wọ́n ń pè ní Ìjọ̀ngbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ọmọ náà fi ọṣẹ fọ ẹja, tó ní ẹja ò fi ọṣẹ wẹ̀ rí látọjọ́ tó ti ń gbé inú omi. Àǹtí Oníbúrẹ́dì ti so àgbà kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ọmọdé kan, Bàbá Bírékì ló sì bọ́ sọ́wọ́ Ìjọ̀ngbọ̀n. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹnì kan á po búrẹ́dì lójú kíláàsì, ẹnì kejì á máa tọ́ ọ sọ́nà láti ilé tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹnì kejì, kò ní ìdánwò. Ọmọdé tó bá sì yege máa ríṣẹ́ ṣe nílé búrẹ́dì Àǹtí nígbà ìsinmi.

Ìjọ̀ngbọ̀n fẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni máa kú. Ìyá rẹ̀ ti búra pé bí kò bá ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló máa lo ìsinmi.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé òun àti bàbá ò gbọ́ ara wọn. Bí bàbá bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan péré, á gba ohùn sílẹ̀, á kí i, á kí ìyá rẹ̀, á kí ará ilé rẹ̀, á ṣàdúrà, ìbéèrè á wá wà ní ìparí bí ìrù màlúù. Ìjọ̀ngbọ̀n ò ní gbọ́ débẹ̀. Á fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn, ó parí.

Àwọn ọmọdé kíláàsì náà ní gúrúùpù tiwọn lọ́tọ̀, orúkọ rẹ̀ ni "Eyín Ò Tíì Ká." Níbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Jẹ́lì, tí irun rẹ̀ máa ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ti kọ̀wé sí i.

"Ìjọ̀ngbọ̀n, o rí imú òní? Fi ṣe sítíkà fún wa, jọ̀ọ́."

Ọkàn rẹ̀ ní kó má ṣe é. Kí ọkàn tó sọ̀rọ̀ tán, ọwọ́ ti ṣe é. Ó gé imú bàbá jáde, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ihò méjì, ọpọlọ òdo," ó sì fi ránṣẹ́. Àṣé gúrúùpù gbogbo kíláàsì ló ṣèèṣì fi í sí.

Kó tó mọ̀, ìyá rẹ̀ ti ké sí i pé òjò ti ṣú, kó lọ ká aṣọ. Nígbà tó padà dé, ìyá aránṣọ kan ti dáhùn pé, "Àmín." Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní, "Àmín o, láṣẹ Olúwa." Àwọn àgbà kíláàsì náà, tí wọ́n bá ti rí àwòrán tí wọ́n kọ nǹkan sí lábẹ́, àdúrà ni wọ́n kà á sí, wọn kì í wá awò ojú kí wọ́n tó ṣe àmín. Bàbá Bírékì alára ní, "Àmín, àmín. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo wa."

Ìjọ̀ngbọ̀n rẹ́rìn-ín títí ó fi ré bọ́ lórí àpótí. Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí àmín bàbá fi pòórá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ka ohun tí wọ́n kọ náà sí i létí, bàbá sì ní kó bá òun pa àmín náà rẹ́. Ká rí àgbà tó yọ àmín rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó kí gbogbo ilé. Gúrúùpù dákẹ́ bí ọjà tí òjò tú ká. Àǹtí Oníbúrẹ́dì, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ka gúrúùpù torí pé ìkíni ibẹ̀ pọ̀ ju iyanrìn lọ, kọ̀wé sí Ìjọ̀ngbọ̀n.

"Bàbá Bírékì lóun ò ṣe mọ́. Kò sọ ìdí. Ṣé o mọ nǹkan kan?"

Jẹ́lì ní, "Sọ pé fóònù ló ń dà á láàmú. Àǹtí á jẹ́ kí àwa méjì jọ ṣe ìdánwò. Ta ló máa mọ̀?"

Ìjọ̀ngbọ̀n kọ irọ́ náà, ó dára, ó dán bí orí Jẹ́lì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wò ó, ó rí bàbá lójú ọkàn rẹ̀, tó jókòó níwájú ilé tí kò ní búrẹ́dì láti tà, tó ń ka eṣinṣin. Ó pa irọ́ náà rẹ́, ó kọ òótọ́.

Àǹtí dá a lóhùn pé, "O ṣeun tí o ò purọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá ò bá padà, ìwọ náà ò ní ṣe ìdánwò. Mi ò ní bá ẹ bẹ̀ ẹ́ o."

Ìjọ̀ngbọ̀n bá fi àwòrán orí tó ń sunkún rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí bàbá. Bàbá rí i, kò dáhùn.

"Orí lo fi ń bẹ àgbà?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Pè é, kó gbọ́ ohùn rẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ ti ń retí ẹ o."

Ó pè é. Bí bàbá ṣe gbé e, Ìjọ̀ngbọ̀n kúnlẹ̀ níwájú fóònù.

"Ẹ káàsán, sà. Ìjọ̀ngbọ̀n ni. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, sà."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"Ẹ tan fídíò, sà."

Bàbá tan án. Òrùlé ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni imú. Ìjọ̀ngbọ̀n gé ètè jẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín síwájú díẹ̀. Imú yín nìkan là ń rí."

Ojú bàbá wá hàn, ojú pẹ̀lẹ́ tó rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí táyà ọkọ̀ kan bá ń jò lójú títì, awakọ̀ tó bá wà lẹ́yìn á fun fèrè, á nawọ́ sí i. Táyà tèmi jò, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò sọ fún mi. Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè, o na àtàǹpàkò sí mi, bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró."

Ìjọ̀ngbọ̀n bú sẹ́kún. Omi ojú tó dà sílẹ̀ kì í ṣe ti àwòrán.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò sì gbọ́ ìbéèrè yín dópin rí. Ìkíni yín ló máa ń gùn."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi náà ń sọ ọ́. Ó dáa. Màá máa kí ẹ lẹ́ẹ̀kan, màá béèrè ọ̀rọ̀ mi, ìwọ náà á fi ẹnu dá mi lóhùn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ."

"Tàgbà ò sì mọ bọ́tìnì, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ ní òwe yẹn?"

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

"Ó hàn. Dìde, orúnkún rẹ á bó."

Lọ́jọ́ ìdánwò, Bàbá Bírékì ló pò, Ìjọ̀ngbọ̀n ló ń tọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ ní, "Ẹ pò ó ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì," bí ìwé ṣe wí. Bàbá ní òun ò mọ èwo nìyẹn. Ọmọ náà ronú díẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi í sí gíà kìíní. Ẹ rọra. Ó dáa, gíà kejì. Òkè là ń gùn báyìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tó, sà, bírékì."

Ìyẹ̀fun tó pò náà wú bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Jẹ́lì ò rẹ́rìn-ín. Ìyá aránṣọ tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti pa ohùn fóònù rẹ̀ láìmọ̀, Jẹ́lì sì ń pariwo sí i lásán. Ìjọ̀ngbọ̀n ló juwọ́ sí ìyá náà pé kó tẹ àmì ẹ̀rọ agbóhùn.

Búrẹ́dì bàbá jáde nínú ààrò, ó pupa, ó ń dán. Àǹtí ní kó tọ́ ọ wò. Bàbá jẹ, ó jẹ.

"Báwo ló ṣe rí, Bàbá?"

"Ó dùn ún wò."

"Adùn ẹnu ni mo ń béèrè, sà."

Bàbá gbé e mì. "Kò sí iyọ̀ níbẹ̀."

Àǹtí wo ìwé máàkì rẹ̀. "Ta ló jẹ̀bi?"

"Èmi ni," ni Ìjọ̀ngbọ̀n wí, "mo fo ìlà iyọ̀ kọjá." Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà tí bàbá náà ti ń sọ tirẹ̀: "Èmi ni, iyọ̀ wà níwájú mi, mi ò bi í." Ohùn méjèèjì lu ara wọn lórí fóònù, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀kan ju èkejì lọ.

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Iyọ̀, màá kọ́ yín lọ́la. Bí ẹ ṣe ń bá ara yín sọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ni mi ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ti yege."

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ o: fóònù lè gbé ohùn yín dé òkè òkun, kò lè gbé ọ̀wọ̀ àti sùúrù dé ibì kankan bí ẹ ò bá fi sínú ọ̀rọ̀ yín fúnra yín. Bí àgbà bá ń ṣe àṣìṣe níwájú yín, ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́. Bí ohun tó sọ ò bá yé yín, ẹ béèrè. Èyí tó bá fi àgbà rẹ́rìn-ín, kó má gbàgbé pé ẹlẹ́dẹ̀ ń bẹ níbì kan tó ń retí ẹni tó máa bá wọn lo ìsinmi.