Ọwọ́ Tí Àkíbù Fi Ń Wé Téèpù

Nígbà tí Mujeebat kọ́kọ́ fojú kan Àkíbù, omi ń ṣàn láti orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀, ó fi eyín di téèpù funfun mú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe dé bẹ̀. Alágbàfọ̀ ni Mujeebat, iwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Bẹyẹrùnkà ló ti ń fọṣọ tó sì ń lọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó lọ pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ àdúgbò. Ẹ̀rọ ọ̀hún ti ń jò tipẹ́, oníkálukú tó bá sì dé ibẹ̀ ló ń lọ́ ọ tagbáratagbára, wọ́n rò pé agbára ló máa dí i. Ìgbà tó kan Mujeebat, òun náà lọ́ ọ, ló bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Omi tú jáde bí ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún.

Àkíbù, pulọ́ḿbà ọmọ Òjé, ló ń kọjá lọ tòun ti àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ojú páìpù, ó ní kí ẹnì kan sáré lọ pa omi nídìí táǹkì, kí wọ́n sì tó pa á, aṣọ òun àti ti Mujeebat ti rin gbingbin. Lẹ́yìn náà ló fa téèpù yọ, ó ń wé e mọ́ àwọn ìlà tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń fà á le kó lè jókòó dáadáa.

“Agbára kọ́ ló ń dí i,” ló wí fún un. “Irin àti irin kì í pàdé tán, àlàfo máa ń wà láàrin wọn. Téèpù yìí ló ń dí àlàfo yẹn. Ibi tẹ́ ẹ máa yí ẹ̀rọ sí kó tó wọlé, ibẹ̀ náà lẹ máa wé e sí. Tẹ́ ẹ bá wé e sódì, bẹ́ ẹ ṣe ń yí i ni yóò máa ká kúrò.”

Ọwọ́ rẹ̀ ni Mujeebat ń wò. Ó ní ṣé ọwọ́ òsì ló fi ń ṣiṣẹ́ ni? Ojú ti Àkíbù. Ó ṣàlàyé fún un pé nílé kéú, alfa so ọwọ́ náà mọ́ òun lẹ́yìn títí. Òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún jẹun, tí wọ́n ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, àmọ́ tó bá di ti iṣẹ́, òsì nìkan ló gbọ́n. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àìsàn ló ṣe sọ ọ́.

Mujeebat ṣí ẹ̀rọ, ó tún pa á. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀kán kan ò kán sí i.

“Ẹ ṣeun gan-an ni,” ló wí. “Ẹni tó fi òsì gbà mí dára ju àwọn tó ká ọ̀tún lẹ́rán tí wọ́n ń wò mí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ náà rọ.”

Àkíbù wo ọwọ́ òsì rẹ̀ kó tó ṣàmín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni ò ṣàdúrà fún ọwọ́ yẹn rí.

Ló bá di pé ó ń padà wá wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ń jò. Kò jò. Ó tún wá. Àní kò jò. Mujeebat á gbé àpótí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó ti ń lọṣọ, á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Aláìsàn yín ńkọ́, ṣé ó sùn dáadáa lánàá?” Àkíbù á ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, wọ́n á gun òkè Màpó, wọ́n á máa wo àwọn páànù ilé tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ pè é ní Àbẹ̀ní, oríkì rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti sọ fún un pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Mujeebat ní kó wá kí ìyá òun.

Opó ni Alhaja Kúbúrá, ìyá Mujeebat. Ilé amọ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, àràárọ̀ ló sì ń gbá yàrá ọkọ rẹ̀, tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó gba ti Àkíbù, ó fẹ́ràn bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Nígbà tó gbọ́ pé pulọ́ḿbà ni, ó ní kó bá òun wo ẹ̀rọ àlùwàlá tó ń kán lára ògiri yàrá náà. Inú Àkíbù dùn. Ó tú ẹ̀rọ, ó nu ìdí rẹ̀, ó fa téèpù yọ.

“Ọmọ mi,” ni Alhaja wí jẹ́jẹ́, “omi tá a fi ń kírun nìyẹn. Má fi òsì kàn án, jọ̀ọ́. Ọ̀tún ni kó o lò.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ìyàwó rí, ẹ sọ fún mi, ta ló ń bá ìyá ìyàwó jiyàn lọ́jọ́ ìkíni àkọ́kọ́? Àkíbù gbé téèpù sí ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ò sì mọ iṣẹ́, ohun tó máa ń rí lọ́wọ́ òsì ló ń sín jẹ, ló bá wé e gba òdìkejì, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí. Bó ti ń yí ẹ̀rọ wọlé, ó rí i pé téèpù ń kájọ sẹ́nu páìpù. Ó mọ̀. Ó yẹ kó tú u palẹ̀ kó tún un wé. Ṣùgbọ́n Alhaja ti tẹ́wọ́ àdúrà, ó ń ṣe é fún un lọ ràì, báwo ló ṣe máa wá sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ti ba iṣẹ́ jẹ́? Ó fi sípánà fún un pa, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun á padà wá tún un ṣe. Iṣẹ́ bá gbé e lọ sí Òkè Padre, òní ń di ọ̀la.

Ìta ni omi ò kán sí mọ́, inú ògiri ló ń lọ. Ẹ sì mọ ohun tí omi ń ṣe fún amọ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ògiri yàrá bàbá wó lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Alhaja jókòó sẹ́bàá amọ̀ náà, ó ń wo omi tó ń jò nídìí ẹ̀rọ tí Àkíbù ṣe.

“Ọwọ́ tó wó yàrá ọkọ mi ò ní gba ọmọ mi,” ló wí.

Mujeebat sáré lọ sí Òjé. Àkíbù ò fi ohunkóhun pa mọ́ fún un, ó ro gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Inú bí Mujeebat, ó ní kó tètè wá ṣàlàyé fún ìyá òun pé àṣẹ tí wọ́n pa fún un ló dá a sílẹ̀.

“Wọ́n pàṣẹ lóòótọ́,” ni Àkíbù wí. “Àmọ́ mo rí i pé mo wé e sódì, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn, tèmi ni. Mi ò ní fi ìyá rẹ sábẹ́ ẹ̀bi nínú ilé wọn. Àbẹ̀ní, ìwọ náà má sọ fún wọn.”

Mujeebat sunkún, ó pè é ní olóríkunkun, síbẹ̀ ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo ti sọ ọ́ kí n tó dé Bẹyẹrùnkà.

Lọ́jọ́ kejì Àkíbù gbé ṣọ́bìrì dé. Alhaja ò dá a lóhùn nígbà tó kí i, kò sì lé e. Àkíbù po amọ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó mọ ipele kan, ó jẹ́ kó gbẹ kó tó mọ òmíràn lé e, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Tí Alhaja bá ti yọjú, á gbé iṣẹ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, amọ̀ á sì máa já bọ́. Tó bá wọlé padà, á gbà á sí òsì, ògiri á sì máa gùn sókè wẹ́rẹ́.

Alhaja kì í ṣe ọmọdé. Lọ́jọ́ kan ó dúró sẹ́yìn fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jáde. Àkíbù tún yára pààrọ̀ ọwọ́, amọ̀ sì já lé e lẹ́sẹ̀.

“Àkíbù.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dárúkọ rẹ̀ látìgbà tí ògiri ti wó. “Lọ́jọ́ tó o ṣe ẹ̀rọ yẹn, ṣé nítorí pé mo ní kó o fi ọ̀tún ṣe é ni?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa.”

“Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn.”

Àkíbù bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa amọ̀ tó já bọ́. Nídìí tábìlì rẹ̀, Mujeebat gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣòkòtò oníbàárà, ó ti ń rùn, kò sì mọ̀.

Alhaja jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. “Àtọjọ́ yìí ni mò ń dá ọ lẹ́bi, tí o ò sì já mi nírọ́,” ló wí. “Mú téèpù rẹ wá. Ọwọ́ tí Ọlọ́run dá mọ́ ọ ni kó o fi ṣe é.”

Òsì ló fi dá ẹ̀rọ àlùwàlá náà padà sára ògiri. Alhaja ṣí omi, ó pa á, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ìdí ẹ̀rọ yíká, ó gbẹ táútáú. Níṣojú Àkíbù ló ti fi omi náà ṣe àlùwàlá, ó sì lọ kírun rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kó lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun ń retí wọn.

Iwájú ilé yẹn náà ni wọ́n ti so yìgì. Lẹ́yìn tí alfa ka ti Kùránì tán, Alhaja dìde, ó ní òun lọ́rọ̀. Ó sọ fún gbogbo ìjókòó pé àṣẹ òun ló wó ògiri òun, pé ọmọ yìí ru ẹ̀bi náà kí ojú má bàa ti òun, kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkíbù ti dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Alhaja gbé e dìde. Nígbà tí Àkíbù na ọ̀tún sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ó ti ọ̀tún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di òsì mú níwájú àwọn alfa, ó sì gbé ọwọ́ Mujeebat lé e.

“Ọwọ́ yìí,” ló wí, “ni mo fọmọ mi fún.”