Ẹni Tó Tẹ̀lé E Wá Tọrọ Ìyàwó

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ kíláàsì ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́ ní yunifásítì, ìbéèrè ni ọ̀jọ̀gbọ́n fi kí wọn káàbọ̀. Obìnrin kúkurú kan ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó wò wọ́n yíká, ó ní:

"Ta ló ti fojú rí ọ̀daràn rí nínú yín?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè. Ọmọ ọlọ́pàá ni. Bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi di ọ̀gá, títí ó fi fẹ̀yìn tì.

"Mo ti rí wọn, mà," ló wí. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi máa ń mú mi dání lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo máa ń rí àwọn tí wọ́n bá kó wá nínú ọkọ̀."

"Kí ni wọ́n jọ?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ló bèèrè. Ẹ̀yìn pátápátá ni ohùn náà ti wá, gbogbo kíláàsì sì yíjú padà. Ọkùnrin kan ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bíi ti káfíńtà, nítorí pé iṣẹ́ káfíńtà ló fi ń jẹun.

Ọmọbìnrin náà ti ní ìdáhùn lẹ́nu tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe ń wò ó, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, mú kó gbé e mì.

"Wọ́n jọ ẹni tí ebi ń pa," ló wí nígbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn kíláàsì, ọkùnrin náà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín."

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ tún wá ń fi 'ẹ̀yin' pè mí."

"Ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá ni yín. Ẹni tó bá fẹ́ràn ara rẹ̀ kì í rí ọmọ ọ̀gá fín."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Ọmọ Ọ̀gá. Àwọn ọmọ kíláàsì ní tiwọn sọ ọkùnrin náà ní Àgbà.

Ohun tó kọ́kọ́ ya Ọmọ Ọ̀gá lẹ́nu nípa Àgbà ni bó ṣe ń kàwé. Òun a máa sáré kà á, kó lè yege ìdánwò. Àgbà a máa fìka tọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù sínú ìwé náà. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń kọ́ wọn ní ohun tó ń sọni di ọ̀daràn, ìṣẹ́, ẹgbẹ́ burúkú, ilé tí kò rójú, Àgbà a nawọ́, a bèèrè ohun tí yóò pa gbogbo kíláàsì lẹ́nu mọ́.

"Mà, ẹgbẹ̀rún èèyàn ni ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ nípa wọn," ló wí lọ́jọ́ kan. "Ta ló máa wá sọ ti ẹnì kan ṣoṣo?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní òun ti ń bi ara òun ní ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìwà kan wà lọ́wọ́ Àgbà tó ṣàjèjì. Ibikíbi tí àwọn méjèèjì bá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó máa ń dúró. Kì í ṣí i. A kàn dúró jẹ́ẹ́ títí ẹlòmíràn yóò fi ṣí i.

"Àgbà, ilẹ̀kùn kì í bu èèyàn jẹ," ni Ọmọ Ọ̀gá máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà a kàn rẹ́rìn-ín.

Ìfẹ́ wọ Ọmọ Ọ̀gá lára, kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ṣàkíyèsí pé ọjọ́ tí kò bá sí kíláàsì ti ń gùn jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń dúró de bọ́ọ̀sì, Àgbà ní:

"Ọmọ Ọ̀gá, bí mo bá ní mo fẹ́ràn rẹ ńkọ́?"

"Ṣé o fẹ́ràn mi ni, àbí ò ń bèèrè?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù."

Inú wọn dùn lọ títí di ọjọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kéde pé kíláàsì yóò ṣèbẹ̀wò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n lọ, Àgbà mú Ọmọ Ọ̀gá jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé.

"Ayọ̀ mi, bí a bá débẹ̀ lọ́la, wọ́n á dá mi mọ̀."

"O ní ẹbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni?"

"Rárá. Èmi ni mo gbébẹ̀ rí."

Ó wá sọ ọ́. Kò ì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ méjì já wọ ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan, wọ́n rò pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Onífọ́tò yọ láti yàrá ẹ̀yìn. Irin wà lọ́wọ́ òun. Òun gbé e sókè, òun sì lù ú. Àwọn ọ̀rẹ́ òun sá lọ. Òun ò lè sá, ibi tí òun dúró sí náà ni wọ́n ti wá mú òun. Ojú òsì ọkùnrin náà fọ́. Inú ẹ̀wọ̀n lòun wà tí ìyá òun fi kú. Bàbá òun ti kú tipẹ́.

"Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní mo ní àlejò," ló wí. "Èmi tí mi ò ní àlejò mọ́. Mo débẹ̀, onífọ́tò yẹn ni mo bá. Kò bú mi. Ó bi mí pé, 'Kí ló dé tí o fi lù mí?' Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó ní kò burú, òun á padà wá. Ó sì ń padà wá. Nítorí àtidá a lóhùn ni mo ṣe wá kàwé yìí."

Ọmọ Ọ̀gá kó ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ó dìde, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, òun ló kẹ́yìn wọ inú bọ́ọ̀sì. Kò jókòó ti Àgbà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, wọ́dà arúgbó kan wo Àgbà, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ṣé ojú mi ni, àbí ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n mú wọn gba ọ̀nà tóóró kan. Ilẹ̀kùn onírin kan tẹ̀lé òmíràn, kò sì sí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí àfi wọ́dà. Ìgbà náà ni ìdí tí Àgbà fi ń dúró níwájú gbogbo ilẹ̀kùn wá yé Ọmọ Ọ̀gá. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Nínú yàrá ìkàwé àwọn ẹlẹ́wọ̀n, yàrá kékeré olójú fèrèsé kan, àwọn ọkùnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan sọ̀rọ̀ sí èkejì létí. Ni gbogbo wọn bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kan tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun sún mọ́ Àgbà, ó rọra fọwọ́ kan apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé yóò pòórá.

"Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń gba irú wa sí yunifásítì?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Ṣé àwọn tí ẹ jọ wá yìí mọ̀?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni."

Gbogbo ìwé tí Ọmọ Ọ̀gá ti kà nípa ẹ̀wọ̀n, kò sí èyí tó sọ fún un pé èèyàn lè dúró níbẹ̀ kó máa wo ṣẹ́ẹ̀tì lásán bí ẹni ń wo ìràwọ̀. Ó la àárín àwọn ọmọ kíláàsì kọjá, ó lọ dúró ti Àgbà, ó sì dì í lọ́wọ́ mú níṣojú gbogbo wọn.

Ilé ni ọ̀rọ̀ ti wá le. Nígbà tí Ọmọ Ọ̀gá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ Àgbà, tó sì sọ ibi tí Àgbà ti wá, bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ tán láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ nìyẹn. Ó wá ní:

"Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá dàrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ẹ nìyẹn, mo mọ̀ wọ́n. Kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ilé mi."

Ìyá rẹ̀ ò pariwo. Ó tẹ̀lé Ọmọ Ọ̀gá dé ilé ìdáná, ó gba abọ́ tó ń fọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí inú bá bí i, ta ni yóò wà nílé pẹ̀lú rẹ̀? Ìwọ ni."

Ọmọ Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Àgbà lọ tẹkúntẹkún.

"Ohun tó yẹ kí ìyá bèèrè ni ìyá rẹ bèèrè," ni Àgbà dáhùn. "Olólùfẹ́ mi, má torí mi bá wọn jà. Èmi ò ní òbí mọ́, mi ò fẹ́ kí ìwọ náà sọ tìẹ nù."

Láti ìgbà náà ló ti ń jìnnà sí i. Wọ́n jọ ń wọ kíláàsì kan náà, wọn ò jọ sọ̀rọ̀. Ọmọ Ọ̀gá ò jẹun dáadáa mọ́. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi mọ́ ọn lára. Bàbá rẹ̀ ń rí i, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, bàbá náà wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń ka ìwé ìròyìn ní pálọ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọ Ọ̀gá ṣí i. Àgbà ló dúró síta, ó ń wolẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ga, tó wọ kóòtù dúdú, ló dúró níwájú rẹ̀. Ojú òsì bàbá náà funfun báláú.

"Ọ̀gá, ẹ kú ilé o," ni àlejò náà wí. "Ọmọ mi ló ní òun rí ẹnì kan fẹ́ nílé yìí. Ọkùnrin kì í dá nìkan lọ tọrọ ìyàwó, ni mo bá ní kó jẹ́ ká jọ lọ."

Bàbá Ọmọ Ọ̀gá ti ń dìde láti lé wọn. Ó dúró.

"Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti kú. Ta wá ni yín?"

"Èmi ni ẹni tó fọ́ lójú."

Ìyá Ọmọ Ọ̀gá tó ti yọ láti yàrá di aṣọ ẹnu ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ má wò mí báyẹn," ni Bàbá Onífọ́tò wí. "Ojú kan la kúkú fi ń wo inú kámẹ́rà. Ó gbà mí lọ́wọ́ wàhálà dídi èkejì ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀, ó sì fọwọ́ nu ojú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ó halẹ̀ mọ́ yín kẹ́ ẹ tó wá ni?"

"Òun? Èmi ni mo wọ́ ọ wá. Láti ìgbà tí ẹ ti kọ̀ ọ́, bó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, kì í sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń wá ro ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún mi. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gboyè, ìwé ẹ̀rí ló kù."

Ìyá sún síwájú. "Bàbá, ẹ dá mi lóhùn bí ẹni tó bímọ. Ṣé ẹ lè fi ọmọbìnrin tiyín fún un?"

Bàbá Onífọ́tò ronú sí i, kò kánjú.

"Ọmọbìnrin mi ń gbé lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀," ló wí. "Kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin yìí. Èmi ni mo fún un."

Ìyá jókòó. Bàbá Ọmọ Ọ̀gá wá kọjú sí Àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ìwọ. Ọmọ mi ní nítorí ìbéèrè kan lo ṣe lọ yunifásítì. Ṣé o ti rí ìdáhùn?"

Àgbà gbójú sókè. "Mo kàwé, sà. Ìwé sọ ti ebi, ó sọ ti ẹgbẹ́ burúkú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ebi ń pa pọ̀ tí wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo sọ fún Bàbá ni pé ẹ̀rù bà mí, irin sì wà lọ́wọ́ mi. Mo lè jù ú sílẹ̀, mi ò jù ú sílẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọ̀rọ̀ náà."

Ọlọ́pàá ni bàbá náà, ó ti gbọ́ àwáwí tó pọ̀ láyé rẹ̀. Ó wo Àgbà títí, kò rí àwáwí kankan níbẹ̀. Ó yíjú sí Bàbá Onífọ́tò, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe ṣe é tẹ́ ẹ fi dárí jì í?"

"Mi ò mọ̀," ni Bàbá Onífọ́tò wí. "Mi ò tí ì ṣe é tán. Àárọ̀ mìíràn wà tí mo ní láti tún un bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Ọmọ Ọ̀gá dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkàn Ọmọ Ọ̀gá rẹ̀wẹ̀sì. Ó rò pé ó parí nìyẹn. Àgbà náà ti ń mú ọ̀nà ìta pọ̀n.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá náà ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, ó ti wọ bàtà.

"Ẹ forí jì mí," ló sọ fún Bàbá Onífọ́tò. "Èèyàn kì í fi síńgílẹ́ẹ̀tì gba àna. Ẹ jókòó, sà. Ìwọ náà, ọmọ mi, jókòó."

Ọdún tí àwọn méjèèjì gboyè ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá, wọ́dà arúgbó náà wá. Bàbá Onífọ́tò ló jókòó sí àyè bàbá ọkọ, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ìyàwó. Nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ àti ìyàwó di ọwọ́ ara wọn mú, Ọmọ Ọ̀gá wo ẹ̀yìn, ó rí Bàbá Onífọ́tò tó ń sunkún. Omi ń bọ́ lójú tó ń ríran. Omi ń bọ́ lójú tí kò ríran.