Owó Fàdákà Ọrùn Akíndé

Akíndé ará ìlú Idigny kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbá ènìyàn lójú.

Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe sójà fún àwọn Faransé. Òkè òkun ló ti mú owó fàdákà kan bọ̀, owó àwọn ará Róòmù àtijọ́. Orí Késárì, ọba wọn, wà lójú kan. Lójú kejì, obìnrin abìyẹ́ kan di ewé tí a hun bí òṣùká mú. Ìṣẹ́gun ni àwòrán náà dúró fún.

Akíndé so ó mọ́ ọrùn. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́gun mi mọ́.”

Ó fọ́ Séidou tó ń wa sémíjàn, ọ̀kadà akérò, lẹ́nu, eyín mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Ó na Victorine ìyàwó rẹ̀ títí oyún fi bàjẹ́ lára rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ hú igi ààlà tó wà láàárín oko rẹ̀ àti ti Clément, àbúrò rẹ̀.

Clément ní, “Ẹ̀gbọ́n, bàbá wa ló gbìn ín. Ẹ má hú u.”

Akíndé gbé àdá. Clément fi ọwọ́ gbà á. Ọwọ́ náà gé, ó já sáàárín poro.

Igbe ta. Àwọn ará oko fi kóńdó àti òkúta lé Akíndé bá. Wọ́n lù ú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi kán.

Parfait, tíṣà tí wọ́n jọ dàgbà, bá a ní ilé ìwòsàn. Ó yí owó ọrùn rẹ̀ wò.

“Akíndé, ọba yìí dà?”

“Ó ti kú.”

“Wọ́n fi irú owó yìí han Jésù rí. Ó bi wọ́n pé àwòrán ta ni. Wọ́n ní ti Késárì. Ó ní kí wọ́n fi ti Késárì fún Késárì, kí wọ́n sì fi ti Ọlọ́run fún Ọlọ́run. Àwòrán ta ló wà lára rẹ? Àwòrán ta lo gbé àdá sí lára Clément?”

Akíndé ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. “Ti Ọlọ́run ni! Àwòrán rẹ̀ ló fi dá wa. Jésù, ṣàánú mi!”

Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ síbi ibùsùn Clément ní ilé ìwòsàn náà. “Àbúrò mi, mi ò lè dá ọwọ́ rẹ padà. Màá jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá. Dárí jì mí.”

Clément kọjú sí ògiri, ó sunkún pẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, inú mi ò tíì rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ.”

Lónìí, Akíndé wà lẹ́wọ̀n, ó ń wàásù Jésù fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Clément ló ń fi ọwọ́ kan gbé gàrí wá fún un.

Ìwọ tó ń kà á, o lè máà gbé àdá rí. Ta lo fi ẹnu gé lánàá? Ta ló ń gbọ̀n bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ? Wọ́n na Jésù, wọ́n gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí irú wa; ó kú, ó sì jíǹde. Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì ké pè é nísinsìnyí.